Éésì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, hítà ń rùn bí ṣúgà: mọ́tò kan, òórùn méjì

Onímuscle Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Camry Muscle 2008 ni mọ́tò náà, ẹ́ńjìnì 2.4 oníṣílíńdà mẹ́rin. Òórùn méjì ló ń jáde lójú éésì, wọn ò sì jọra rárá.

Ọ̀kan: bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan éésì, òórùn aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò sá ló máa kọ́kọ́ fẹ́ lu èèyàn. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin á rọlẹ̀. Bí mọ́tò bá sinmi díẹ̀ tí a tún tan án, ó ti padà dé.

Èkejì: láàárọ̀ òjò tí gíláàsì iwájú bá ṣú, bí a bá yí bọ́tìnì éésì sí apá pupa kí ooru lè lé e kúrò, òórùn bíi ṣúgà tí iná ń jó ló ń jáde. Gíláàsì á wá ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni fi òróró nù ún. Omi rédíétọ̀ ń dín, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tutù níbi tí mọ́tò ń sùn. Kápẹ́ẹ̀tì iwájú lápá ọ̀tún ló tutù.

Ẹnì kan ní kí a fín bílíìṣì sí ojú éésì. Ẹlòmíràn ní kí a yọ hítà kúrò lójú ọ̀nà omi, pé kí la fẹ́ fi hítà ṣe n'Ìbàdàn. Kí lẹ rí sí i?

Ọlọ́éésì Mókọ́lá

Ẹ ǹlẹ́ o. Àrùn méjì ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta oògùn kan ṣoṣo fún un. Ti ṣúgà yẹn, àwọn mẹkáníìkì á dá sí i. Ti aṣọ tútù ni tèmi.

Kọ́ìlì kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn pígíìn-hóòlù, òun là ń pè ní evaporator. Bí éésì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ara rẹ̀ máa ń tutù tó nǹkan bíi dígírì 2 sí 5. Afẹ́fẹ́ tiwa lásìkò òjò kún fún omi, bó bá ti kan kọ́ìlì yẹn, omi á sẹ̀ sí i lára bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì. Ó yẹ kí omi náà gba họ́ọ̀sì kékeré kan jáde sábẹ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, kọ́ìlì náà tutù síbẹ̀, inú òkùnkùn ló wà, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó wà níbẹ̀ á bu. Nígbà tí ẹ bá tún tan án, atẹ́gùn àkọ́kọ́ ló máa gbé òórùn bíbu yẹn jáde. Bí omi tuntun bá ti bò ó, òórùn á rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, kì í ṣe pé ó ti tán.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi ń gbà jáde. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì gbẹ, ẹ tan éésì sí ibi tó tutù jù fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Lásìkò òjò, omi gbọ́dọ̀ máa kán sílẹ̀ lápá ọ̀tún, nítòsí fáyáwọ́ọ̀lù tó la ẹ́ńjìnì àti inú mọ́tò. Bí kò bá kán, họ́ọ̀sì náà ti dí, omi náà á sì máa dà sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọ̀rá líle tó tẹ́ẹ́rẹ́ tú u láti ìsàlẹ̀, tàbí kí fọkanáísà fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí. Ẹ má ki wáyà onírin bọ̀ ọ́ rárá, torí aluminiọ́ọ̀mù kọ́ìlì yẹn fẹ́lẹ́, ẹni tó bá lu ú ti ra evaporator tuntun.

Lẹ́yìn náà, fílítà tó ń gba eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ éésì. Ẹ ṣí pígíìn-hóòlù, ẹ kó ẹrù inú ẹ̀ kúrò, ẹ tú apá kékeré tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ ògiri rẹ̀ méjèèjì sínú, á wó sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdérí pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ní kílíìpù. Inú ibẹ̀ ni fílítà wà. Ó kéré tán, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí ní kìlómítà 15,000 sí 20,000, ẹ sì tún wò ó nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ má fọ fílítà oníbébà kí ẹ tún fi tútù dá a padà; ẹ ti gbin òórùn tuntun nìyẹn. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ọfà tí wọ́n kọ UP sí ń wo òkè. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ ò bá bá fílítà kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń rìn nígboro ni wọ́n ti yọ tiwọn tí wọn ò dá a padà, èyí tó sọ evaporator fúnra rẹ̀ di fílítà.

Fífọ̀ ló kù. Fóòmù tí wọ́n ṣe fún evaporator ni kí ẹ rà, agolo kan tó. Ẹ pa ẹ́ńjìnì àti fáànù. Ẹ ti họ́ọ̀sì agolo náà láti ibi tí omi ń gbà jáde lábẹ́, tàbí kí ẹ tú rẹ̀sísítọ̀ bulówà kí ẹ gba ihò rẹ̀ (bulówà ni fáànù tó ń fẹ́ éésì, rẹ̀sísítọ̀ ló ń dín iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kù). Kí fóòmù má kan mọ́tò bulówà tàbí ẹnu wáyà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sára agolo. Omi dúdú ló máa jáde lábẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ tan fáànù dé òpin, éésì ní pípa, fèrèsé ní ṣíṣí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fílítà tuntun ló gbẹ̀yìn.

Ẹni tó ní kí ẹ fín bílíìṣì, ẹ kí i fún wa. Bílíìṣì ń jẹ aluminiọ́ọ̀mù, òórùn rẹ̀ á sì máa wọ ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Bó bá pàdé oògùn ìfọ̀ mìíràn tó ní ásíìdì nínú, gáàsì olóró ni yóò dà. Lọ́fínńdà tí wọ́n ń so mọ́ iwájú náà kò wo nǹkan kan sàn.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Dugbẹ̀, tí ẹ bá ti ń kọjá Sẹkitéríàtì, ẹ pa éésì, ẹ fi fáànù sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé Bódìjà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún yẹn á gbẹ kọ́ìlì náà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ti ṣúgà yẹn, kúláàǹtì ni, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀. Ethylene glycol tó wà nínú rẹ̀ ló ń rùn dídùn bẹ́ẹ̀, òun náà ló ń fi òróró sára gíláàsì. Hítà kọ́ọ̀ ló ń jò, tàbí ẹnu họ́ọ̀sì tó wọ inú rẹ̀.

Àwọn kan á bi yín pé báwo ni hítà tí ẹnikẹ́ni kì í tàn ṣe máa bàjẹ́. Hítà kọ́ọ̀ jẹ́ rédíétọ̀ kékeré nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìsinsìnyí, omi gbígbóná ẹ́ńjìnì ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ apá aláwọ̀ búlúù lẹ yí i sí. Ohun tí ẹ ń yí yẹn, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan ló ń ṣí tàbí tì, kí afẹ́fẹ́ lè gba ara hítà tàbí kó yà fún un. Nítorí náà ó ń gbó, ẹ tàn án, ẹ ò tàn án. Omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ níhìn-ín ló sì ń pa á jù: kò ní oògùn ìpata nínú, á jẹ ẹ́ láti inú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí: bó bá jẹ́ omi lásán ló wà nínú rédíétọ̀, hítà kọ́ọ̀ lè máa jò kó má rùn bíi ṣúgà rárá. Òórùn ìpata àti ti ilẹ̀ tútù lẹ máa gbọ́, ẹ ó sì máa di ẹ̀bi ru éésì. Ẹ má fi imú nìkan ṣe ìdájọ́.

Ẹ mú tíṣù funfun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì tó tutù. Bó bá ní àwọ̀, pupa ni tàbí ewé, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, kúláàǹtì ni. Bó bá mọ́ gaara, tí kì í sì í ṣe omi lásán ló wà nínú rédíétọ̀ yín, omi éésì ni, ẹ padà sọ́dọ̀ ọlọ́éésì. Ẹ tún lẹ bébà mọ́ ara ike kúláàǹtì níbi tí omi dé nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìdánwò tó dájú jù ni ti púńpù tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ fún un títí dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìdérí rédíétọ̀ (nǹkan bíi báà 1 ni ti ọ̀pọ̀ Toyota), kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ọwọ́ aago bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ ò rí nǹkan kan níta, ẹ gbá imú mọ́ ojú éésì, kí ẹ sì fọwọ́ kan abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ gbígbóná o, ó ti bó ọ̀pọ̀ ojú.

Kí wọ́n tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ wo họ́ọ̀sì méjì tó wọ fáyáwọ́ọ̀lù. Kílíìpù tó ti rọ̀ tàbí họ́ọ̀sì tó ti sán lè jẹ́ gbogbo ẹjọ́ náà. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀ ni, ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání lọ sí Àrárọ̀mí ní Gate, kí ẹ fi gígùn, fífẹ̀ àti ẹnu páìpù wé ara wọn kí ẹ tó sanwó.

Ti pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà omi: ó ṣeé ṣe, ó sì lè dáàbò bo ẹ́ńjìnì títí owó máa fi dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló yàtọ̀. Họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi so ẹnu méjèèjì pọ̀ kí omi lè máa yí po, kí ìwọ̀n inú rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, kí kílíìpù sì dáa. Kì í ṣe kí wọ́n ki bóòtù bọ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì fẹ́ omi tó kù nínú kọ́ọ̀ jáde, àìṣe bẹ́ẹ̀ òórùn náà á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn adíhò tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀, mi ò gbà á fún ẹnikẹ́ni. Ihò tó fẹ́ dí kọ́ ló máa ń dí, ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú kọ́ọ̀ àti rédíétọ̀ ló máa ń dí.

Kúláàǹtì tí ẹ bá tú sílẹ̀, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ajá àti ewúrẹ́ máa ń lá a nítorí adùn rẹ̀, ó sì ń pa wọ́n.

Ọlọ́éésì Mókọ́lá

Mo ní ẹjọ́ kan lórí pé kí wọ́n so họ́ọ̀sì pọ̀. Ó dáa láti fi dé ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé kò ní ooru fún gíláàsì mọ́ láàárọ̀ òjò. Éésì náà lè mú gíláàsì mọ́, torí ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ éésì pẹ̀lú ooru díẹ̀ ló yá jù. Ẹ yí i sójú gíláàsì, éésì ní títàn, afẹ́fẹ́ láti ìta.

Onímuscle Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Tíṣù náà pọ́n, ó sì ń yọ̀. Omi ń kán lábẹ́ dáadáa. Fílítà kò sí níbẹ̀ rárá bí ẹ ṣe wí. Ìbéèrè kan ló kù: bí a bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òórùn ọ́ìlì tó ń jó tún máa ń wọlé. Bí mọ́tò bá ti ń sáré, kò sí mọ́. Ṣé ti hítà náà nìyẹn?

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà wò, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnì. Nínú ẹ́ńjìnì 2.4 yín, ibi tí èéfín ti ń jáde sí sàlẹ́ńsà kọjú sí fáyáwọ́ọ̀lù. Ọ́ìlì tó bá jò láti ẹ̀yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà á kán sórí irin gbígbóná yẹn, á jó. Ojú ibi tí mọ́tò ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta sì wà lókè níbẹ̀, lábẹ́ wáípà. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn á gbé èéfín lọ. Bó bá dúró, inú mọ́tò ló máa wọ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú róbà tó yí ihò púlọ́ọ̀gì ká, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n tó yẹ dì í. Ẹni tó bá dì í jù á tún fọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ òórùn epo bẹntiróòlù ni, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò. Ẹ pa mọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Lórí Camry àti Corolla, ẹ bi ara yín bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ púńpù epo. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí róbà ẹnu táńkì kò bá jókòó dáadáa, tàbí tí wọ́n tún fi èyí tó ti wú sí i, òórùn epo á kún inú mọ́tò, pàápàá bí táńkì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún.

Òórùn èéfín sàlẹ́ńsà nínú mọ́tò náà burú. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín kò ní òórùn tirẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú mọ́tò tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí éésì.

Rìwáyà Àpáta

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un.

Òórùn ẹyin òbu: ẹ wo bátìrì. Ẹ fi mítà wọn ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Fóòtì 13.8 sí 14.5 ló dáa. Bó bá kọjá 15, ọ́tánétọ̀ ń rọ́ iná sí i jù, bátìrì ń hó, gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀ ló ń rùn. Bí iná bá dáa, kátálísítì inú sàlẹ́ńsà, èyí tó ń dín oró èéfín kù, ni kí ẹ wò.

Òórùn ike tó ń jó pẹ̀lú fáànù tó jẹ́ pé ibi tó le jù nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́: rẹ̀sísítọ̀ bulówà ti jó. Ṣùgbọ́n ẹ má pààrọ̀ òun nìkan. Ewé tàbí eruku lè ti há bulówà, kó máa wúwo láti yí, iná tó ń fà á sì pọ̀ jù. Tuntun náà á jó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wo ẹnu wáyà rẹ̀ bóyá ó ti yọ́. Bí fíúsì bá ń já, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tó tóbi jù ú lọ dípò. Kí dáṣíbọ́ọ̀dù gbiná ni ìyẹn ń wá.

Bó bá jẹ́ òórùn òkú, eku ni. Mọ́tò tó ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò tàbí nítòsí ibi ìdáná ló sábà máa ń bá. Abẹ́ wáípà ni wọ́n ń gbà wọlé, wọn a sì tẹ́ ìtẹ́ sórí bulówà. Abẹ́ pígíìn-hóòlù ni bulówà wà, síkúrù mẹ́ta àti ẹnu wáyà kan ló sábà dì í mú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Eku ilé lè gbé àìsàn Lassa, nítorí náà ẹ má gbá ìgbẹ́ rẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ibi yìí gan-an ni bílíìṣì wúlò: ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n mẹ́wàá, ẹ fi rẹ ìtẹ́ náà, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó kó o. Ara ike nìkan o, kì í ṣe ara evaporator. Lẹ́yìn náà ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tó ní ojú kéékèèké bo ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Tòkunbọ̀ Challenge

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra mọ́tò: bí òórùn bá ti wà nínú mọ́tò kí ẹ tó tan nǹkan kan, láàárọ̀ tí fèrèsé ti wà ní títì mọ́jú, éésì kọ́ ni. Kápẹ́ẹ̀tì ni, ó sì ṣeé ṣe kí omi ti bo mọ́tò náà rí. Ìjì Harvey ọdún 2017 nìkan ri ọ̀pọ̀ mọ́tò sómi ní Houston l'Amẹ́ríkà, irú wọn sì ń dé ọjà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin, kí ẹ wá ìlà ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó àti ibi tí táyà ìpààrọ̀ ń sùn ní búùtù. Ìpata níbẹ̀ nígbà tí ara ń dán, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ọlọ́éésì Mókọ́lá

Onímuscle, bó ṣe jẹ́ pé kúláàǹtì ló wà lórí tíṣù, ẹ má tíì ra fóòmù. Inú àpótí kan náà ni hítà kọ́ọ̀ àti evaporator wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú dáṣíbọ́ọ̀dù fún hítà, ẹ jẹ́ kí n yọ gáàsì éésì sínú ẹ̀rọ rẹ̀ kí wọ́n tó tú páìpù, kí wọ́n sì mú evaporator síta. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ á fọ̀ ọ́ mọ́ ju agolo fóòmù mẹ́ta lọ. Róbà ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gáàsì tó padà wọlé. Owó iṣẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san fún òórùn méjèèjì.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n sì ká kápẹ́ẹ̀tì sókè ọjọ́ náà. Fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti mu kúláàǹtì, kò ní gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ pátápátá. Bí ẹ bá ń da kúláàǹtì tuntun, ìdajì kúláàǹtì, ìdajì omi bátìrì tí kò ní ásíìdì. Ẹ yí hítà sí apá pupa pátápátá nígbà tí ẹ bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì máa wo aago ooru. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú kọ́ọ̀ tuntun, ẹ́ńjìnì lè gbóná jù kí ẹ tó dé Agodi.